Alágbàtà Wo Ló Ń Sùn Lọ́jà?

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Tanke, ní Ìlọrin, níbi tó ti ń tún fóònù ṣe, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́dún tó kọjá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi lówó. Affiliate marketing ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn máa fi línkì síta, owó á sì máa wọlé, kódà béèyàn bá ń sùn." Mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Owó tó fẹ́ yá kọ́ ló dà mí láàmú, oorun yẹn ni.

Èmi náà ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ìyẹn kéèyàn máa fi línkì polówó ọjà ọlọ́jà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fún un ní owó díẹ̀ tí ẹni tó tẹ línkì náà bá rà á. Ó tó bí ọdún mẹ́ta, mo sì ti rí owó níbẹ̀. Nítorí náà, mi ò ní bá àwọn tó ń pè é ní jìbìtì pariwo. Mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù: owó àwọn kan há sínú ètò ìdókòwò MMM ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, CBEX tó jọ ọ́ tún wá tẹ egbò yẹn mọ́lẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ìyẹn yàtọ̀. MMM kò ní ọjà kankan tó ń tà, owó ẹni tó dé kẹ́yìn ni wọ́n ń kó fún ẹni tó ṣáájú. Ní ti affiliate, ọjà wà, ẹni tó ni ín wà, ẹni tó fẹ́ rà á wà. Ẹni tó wà láàárín àwọn méjèèjì, a ti ní orúkọ fún un kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó dé: alágbàtà.

Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta àgbò ní Ìlọrin nígbà tí Iléyá bá ku ọjọ́ mẹ́ta. Ọkùnrin tó di okùn mú, tó ń la ẹnu àgbò kí ẹ lè rí eyín rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ òun ló ni ín. Ẹni tó ni ín ti jókòó sábẹ́ igi lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá rà á tán, yóò fún ọkùnrin náà ní láádá rẹ̀. (Lẹ́nu àwọn alfa wa, láádá ń bọ̀ lọ́run. Lọ́jà àgbò, kí ilẹ̀ tó ṣú ló ti gbọ́dọ̀ dọ́wọ́.) Ọkùnrin yìí kò fi kọ́bọ̀ ra àgbò, kò já ewé fún un, bí àgbò bá sì kú mọ́jú, òun kọ́ ló jẹ gbèsè. Ibi tí affiliate ti dùn gan-an nìyẹn. O ò gba ṣọ́ọ̀bù ní Taiwo Road, o ò kó ọjà sílẹ̀, o ò wá ọlọ́kadà tí yóò gbé e lọ. Fóònù àti dátà ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí àwọn èèyàn fi ń wá ọkùnrin yẹn gan-an lọ́dọọdún, nígbà tí àwọn ogún mìíràn ń fa okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Nítorí pé èyí tó tà fún wọn lọ́dún tó kọjá kò wúkọ́ délé ni. Ojú àánú kọ́, ìrántí ni. Línkì nìkan kò lè fún ẹnikẹ́ni nírú ìyẹn.

Ìyàwó mi ni aránṣọ. Láti ẹnu rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ nípa máṣíìnì ìránṣọ, tí mo sì ń kọ àlàyé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó fẹ́ rà á, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà lókè òkun. Àlàyé tó pa owó jù lọ fún mi ni èyí tí mo ti kọ ọ́ pé kí wọ́n má ra máṣíìnì kan, torí pé ó ń já òwú bó bá ti kan aṣọ tó nípọn. A lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti fi dán an wò, ó ba aṣọ òkè oníbàárà kan jẹ́, a sì san owó rẹ̀. Àwọn tó ka èyí ló tẹ línkì máṣíìnì kejì tí mo dárúkọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bí láádá orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ń rìn. Ọdún 1996 ni Amazon, ilé ìtajà ńlá orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ línkì rẹ, àmì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kúkì á wọ inú fóònù rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ìwọ lo rán an wá. Wákàtí 24 ni kúkì Amazon ń gbé. Bí oníbàárà bá lọ ronú sí i, tó padà wá rà á lọ́tunla, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lo ṣe nìyẹn. Bó bá tẹ línkì ẹlòmíràn lẹ́yìn tìrẹ, ẹlòmíràn ló máa jẹ ẹ́. O ò gbọ́dọ̀ fi línkì rẹ ra ọjà fún ara rẹ, bí o ò bá sì rí ọjà mẹ́ta tà láàárín ọjọ́ 180 àkọ́kọ́, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ. Bí oníbàárà bá dá ọjà padà, láádá rẹ náà bá a padà. Èyí tó kù, ó tó nǹkan bí 60 ọjọ́ lẹ́yìn tí oṣù bá parí kó tó dé.

Ká tún ṣírò ti ilé. Ká ní fáànù ₦50,000 lò ń polówó, tí wọ́n ń fún ọ ní 4 nínú 100. ₦2,000 nìyẹn. Ká ní èèyàn 100 tẹ línkì, tí méjì rà á, tí ọ̀kan dá tirẹ̀ padà: ₦2,000 náà ni. Níbo lo ti fẹ́ rí èèyàn 100 tó máa tẹ̀ ẹ́? Lórí status tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ní Ọ̀fà àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ń wò? Tó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n á ti pa ohùn rẹ mọ́.

Ọ̀rọ̀ oorun tún kù. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, tí gbogbo ayé wà nínú ilé tí wọ́n ń rajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Amazon kéde pé láádá lórí àga àti tábìlì máa wá láti 8 nínú 100 sí 3, ti oúnjẹ láti 5 sí 1. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi sílẹ̀. Ẹni tó ń gba 8,000 lórí ọjà 100,000 sùn, ó jí bá 3,000. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọlọ́jà ló ni ọjà, òun náà ló ni láádá.

Mo wá bi àbúrò mi pé kí ló fẹ́ fi owó tó fẹ́ yá ṣe. Kì í ṣe dátà, kì í ṣe fóònù. Kọ́ọ̀sì ni. Inú kọ́ọ̀sì náà ni wọ́n ti máa kọ́ ọ bó ṣe máa ta kọ́ọ̀sì náà gan-an fún ẹlòmíràn, tí yóò sì gba ìdajì owó rẹ̀. Ìdajì nìkan kọ́ ni mo fi ń fura o. Ọjà tí kò ní àpótí, tí wọn kì í gbé, ó rọrùn fún ẹni tó ṣe é láti pín owó rẹ̀ sí méjì. Ohun tí mo bi í ni pé: bí a bá yọ gbogbo ẹni tó ń rà á torí kó lè tún un tà kúrò, ta ló kù tí yóò rà á? Ó dákẹ́. Mo ní MMM tó wọ agbádá lèyí.

Mi ò yá a. Mo bi í pé kí ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń bi í jù. Ó ní wọ́n fẹ́ mọ ṣájà tí kò ní ba bátìrì jẹ́. Mo ní kó kọ ìyẹn sílẹ̀, àwọn tó ti tú wò àti ohun tó bá nínú wọn, kó fi línkì èyí tó dára sí i, kó sọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ń jẹ láádá tí wọ́n bá rà á.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, láádá àkọ́kọ́ wọlé: ₦640. Aago kan òru kọjá ló fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo bi í pé kí ló dé tí kò tíì sùn.