Ìlànà ìdàgbàsókè ẹkùn ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù

Ìlànà ìdàgbàsókè ẹkùn ni ètò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ń náwó sí àwọn agbègbè tí ọrọ̀ ajé wọn kò lágbára tó ti àwọn yòókù, kí àlàfo tó wà láàárín ẹkùn olówó àti ẹkùn aláìní lè máa dínkù. Ó wà lára ohun tó ń gba owó jù lọ nínú ìṣúná àjọ náà. Fún ọdún 2021 sí 2027, nǹkan bíi bílíọ̀nù 392 owó yúrò ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, Pólándì ni ìpín tirẹ̀ sì pọ̀ jù.

Ìtàn

Àdéhùn Róòmù ti 1957, tó dá ẹgbẹ́ tó padà di àjọ yìí sílẹ̀, mẹ́nu ba ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ẹkùn, ṣùgbọ́n kò dá àpò owó kankan sílẹ̀ tó jẹ́ ti ẹkùn gan-an. Gúúsù Itálì ni ìṣòro náà ti hàn jù nígbà yẹn, ìjọba Itálì sì ti ní àjọ tirẹ̀ fún un, Cassa per il Mezzogiorno, láti 1950. Nígbà tí Áílándì, Dẹ́nmáàkì àti Ilẹ̀ọba Aṣọ̀kan wọlé ní 1973, wọ́n fi ẹ̀ka ọ̀rọ̀ ẹkùn lé George Thomson, ọmọ Scotland, lọ́wọ́. Owó Ìdàgbàsókè Ẹkùn sì bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Lábẹ́ Jacques Delors, ààrẹ Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Yúróòpù, ní 1988, wọ́n ṣe àtúntò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ owó náà di ìlọ́po méjì, wọ́n sì là á kalẹ̀ pé kò gbọdọ̀ rọ́pò owó tí ìjọba orílẹ̀-èdè ì bá ná fúnra rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń pín ẹkùn

Eurostat, ilé-iṣẹ́ ìṣirò àjọ náà, ló ń pín ilẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́ sí ìpele tí wọ́n ń pè ní NUTS. Ìpele kejì, tó ní ẹkùn 242 nínú ìpín ti 2021, ni wọ́n fi ń pinnu ẹni tí owó tọ́ sí. Wọ́n á ṣírò GDP ẹkùn kọ̀ọ̀kan, ìyẹn iye owó gbogbo ọjà àti iṣẹ́ tí wọ́n pèsè níbẹ̀ lọ́dún, wọ́n á fi iye olùgbé pín in, wọ́n á sì tún un ṣe kí ọ̀wọ́n tàbí ọ̀pọ̀ ọjà láti ìlú dé ìlú má baà da ìṣirò rú. Ẹkùn tí kò bá tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n àárín ti àjọ lápapọ̀ ló ń gba ìrànwọ́ tó pọ̀ jù: àjọ lè san tó ìdá 85 nínú owó iṣẹ́ kan níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ó lè jẹ́ ìdá 40 péré ní ẹkùn tó ti gòkè.

Ìlà 75 yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ àlàyé ṣe ń fi hàn lọ, torí pé ẹkùn lè kọjá rẹ̀ láì lówó ju ti àná lọ. Nígbà tí orílẹ̀-èdè mẹ́wàá wọlé ní 2004, tí púpọ̀ nínú wọn kò lówó tó àwọn tó ti wà ńbẹ̀, ìwọ̀n àárín náà lọ sílẹ̀. Bí Asturias àti Murcia ní Sípéènì, Algarve ní Pọ́túgà àti Basilicata ní Itálì ṣe bọ́ sókè ìlà nìyẹn, wọ́n sì ń fún wọn ní owó tó ń dínkù díẹ̀díẹ̀ títí di 2013.

Àwọn ìjọba pẹ̀lú mọ ìlà náà dáadáa. Ní 1999, nígbà tí Áílándì lápapọ̀ ti lówó kọjá ibi tí ìrànwọ́ tó ga jù dé, wọ́n pín in sí méjì kí ìwọ̀-oòrùn, àárín àti ẹnubodè rẹ̀ lè máa gbà á lọ títí di 2006. Họ́ngárì ya Budapest sọ́tọ̀ kúrò lára agbègbè Pest tó yí i ká ní 2018, torí pé ọrọ̀ olú-ìlú náà ń gbé gbogbo ẹkùn wọn sókè nínú ìwé.

GDP fúnra rẹ̀ ní àléébù. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ibi tí òṣìṣẹ́ ń sùn. Ní 2016, ìwọ̀-oòrùn àárín ìlú Lọ́ńdọ̀nù wà ní ìdá 611 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n àárín ti àjọ, Severozapaden ní Bùlùgáríà sì wà ní 29. Ọ̀kẹ́ àìmọye òṣìṣẹ́ tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin wọ Lọ́ńdọ̀nù láràárọ̀ ló mú kí iye àkọ́kọ́ ga tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tí owó náà ń ṣe

Ojú ọ̀nà, omi, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìrànwọ́ fún iléeṣẹ́ kéékèèké ló wọ́pọ̀. Àpẹẹrẹ kan ni afárá tó so Vidin, ní Severozapaden, mọ́ Calafat ní Ròmáníà lórí odò Danube, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà 2013. Ṣáájú ìgbà náà, afárá kan ṣoṣo, tí wọ́n kọ́ sí Ruse ní 1954, ló wà lórí odò náà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé mọ́tò kọjá ní Vidin. Ọkọ̀ ẹrù ń gba orí afárá náà báyìí, àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ agbègbè náà ṣì ń ṣí lọ síbòmíràn.

Àbájáde

Àwọn onímọ̀ kò fi ohùn ṣọ̀kan. Ìwádìí kan tí Sascha Becker, Peter Egger àti Maximilian von Ehrlich tẹ̀ jáde ní 2010 rí i pé ìdàgbàsókè àwọn ẹkùn tó wà nísàlẹ̀ ìlà yá díẹ̀ ju ti àwọn tó fara jọ wọ́n lókè rẹ̀ lọ. Ohun tó dà bíi pé ọ̀pọ̀ gbà ni pé àlàfo láàárín orílẹ̀-èdè dínkù lẹ́yìn 2004, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ìlà-oòrùn, olú-ìlú ló sáré ṣíwájú. Owó nìkan kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí ọkàn olùdìbò padà: Cornwall, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti jẹ àǹfààní rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, dìbò ní 2016 pé kí Ilẹ̀ọba Aṣọ̀kan kúrò nínú àjọ.

Ní oṣù keje 2025, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Yúróòpù dábàá pé, láti 2028, kí wọ́n da owó yìí àti ti iṣẹ́ àgbẹ̀ pọ̀ sínú ètò kan ṣoṣo fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ aṣojú ẹkùn tako àbá náà, torí wọ́n gbà pé yóò gbé agbára ìpinnu kúrò lọ́wọ́ wọn lọ sí olú-ìlú.