Ẹja, Wàrà àti Iná Inú: Bí Ayurveda Ṣe Ń Wo Oúnjẹ Tí Kò Bára Mu

Nínú Ayurveda, ìṣègùn àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, iná ló ń mú oúnjẹ dà nínú èèyàn. Agni ni wọ́n ń pè é, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe iná ìdáná. Bí iná ààrò ṣe ń se ìrẹsì, bẹ́ẹ̀ ni iná inú ṣe ń tún ohun tí a gbé mì sè kí ara tó lè lò ó. Tó bá jó dáadáa, oúnjẹ á di omi ara, á di ẹ̀jẹ̀, ẹran ara, ọ̀rá, egungun àti mùdùnmúdùn, títí yóò fi dé orí àtọ̀: ìpele 7 ni wọ́n kà á sí. Tí iná náà bá rẹ̀wẹ̀sì, tàbí tí wọ́n di ẹrù tó pọ̀ jù lé e lórí, oúnjẹ á dúró ní àìjinná. Àìjinná yìí, tó ń lẹ̀ bíi kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ni ama. Òun ni wọ́n gbà pé ó ń dí ọ̀nà inú ara, tí àìsàn fi ń rí ibi wọlé.

Orí ìgbàgbọ́ yìí ni viruddha ahara dúró lé, ìyẹn oúnjẹ tó ń ta ko ara wọn. Kò jọ èèwọ̀ tiwa. Èèwọ̀ a máa tẹ̀lé ìdílé tàbí òrìṣà, ṣùgbọ́n viruddha kì í béèrè ilé tí èèyàn ti wá. Ohun tó wọ inú pọ̀ ló ń wò, àti bí ó ṣe wọ ibẹ̀.

Ẹja àti wàrà ni àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù, ó sì wà nínú Charaka Samhita, ọ̀kan lára àwọn ìwé ìpìlẹ̀ ìṣègùn náà. Àlàyé ibẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì dùn lẹ́nu, wọ́n sì tún dùn lẹ́yìn tí wọ́n bá dà tán. Ibi tí wọ́n ti pínyà ni agbára wọn: wàrà ń mú ara tutù, ẹja ń mú un gbóná. Ìjà òtútù àti ooru yìí ni yóò ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ ìjíròrò kan, Bhadrakapya, sọ pé gbogbo ẹja ló ṣeé jẹ pẹ̀lú wàrà àyàfi chilichima, ẹja olójú pupa kan. Atreya, tó jẹ́ olùkọ́ wọn, kọ̀ jálẹ̀: kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ ẹja kankan pẹ̀lú wàrà, pàápàá jù lọ chilichima.

Oyin àti gíì, ìyẹn bọ́tà tí wọ́n yọ́ títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ, fi ohun mìíràn hàn. Oúnjẹ gidi ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìwọ̀n ló ń sọ wọ́n di ọ̀tá: tí wọ́n bá dọ́gba, wọ́n ta ko ara wọn, tí ọ̀kan bá ju èkejì lọ, kò séwu. Ìwé náà ka irú àtakò 18. Oúnjẹ gbígbẹ tó tutù lásìkò òtútù wà níbẹ̀, jíjẹun nígbà tí ebi kò pa èèyàn wà níbẹ̀, jíjẹ ohun tí ọkàn kò fẹ́ náà wà níbẹ̀.

Ohun tí àwọn àkọsílẹ̀ kúkúrú tó ń kiri orí WhatsApp máa ń fò ni èyí: Charaka, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìwé náà, fúnra rẹ̀ sọ pé àtakò yìí kì í pa ọ̀dọ́ lára, tàbí ẹni tí iná inú rẹ̀ lágbára, ẹni tó ń ṣe eré ìmárale, ẹni tí oúnjẹ náà ti mọ́ lára, tàbí ẹni tó jẹ díẹ̀ péré. Ẹni tó bá yọ gbólóhùn yẹn kúrò ti yí ẹ̀kọ́ náà padà pátápátá.

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì òde òní kò rí ẹ̀rí pé ẹja àti wàrà ń fa àwọ̀ funfun pátipàti lára, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ní Íńdíà ṣe gbà gbọ́. Ní Bengal, agbègbè kan tó wà ní Íńdíà àti Bangladesh, ẹja tí wọ́n sè pẹ̀lú wàrà dídì, doi maach, jẹ́ ọbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ràn gan-an. Àwọn kan tún ń sá fún wàrà àti ọsàn wẹ́wẹ́ pọ̀, torí pé wàrà ń dì tí ọsàn náà bá kàn án, ṣùgbọ́n ìyẹn kò fi hàn pé májèlé ni, nítorí omi kíkan inú ikùn máa ń mú un dì bákan náà. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1971, tí Olikoye Ransome-Kuti wà lára àwọn tó ṣe é, fi hàn pé ṣúgà inú wàrà kì í dà nínú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ń dà nínú ọ̀pọ̀ Fúlàní. Inú ẹni tí ṣúgà yìí kì í dà nínú rẹ̀ lè máa kùn lẹ́yìn ẹja àti wàrà, kó wá di ẹ̀bi ru ẹja, nígbà tó jẹ́ pé wàrà nìkan ló fa wàhálà.

Oníṣègùn Ayurveda tó bá rí ẹni tí oúnjẹ alátakò ti ba ara rẹ̀ jẹ́ lè fún un ní oògùn tó ń múni bì, èyí tó ń fọ inú, tàbí èyí tó ń ta ko ìpalára náà. Tó bá jẹ́ àṣà jíjẹ tó ti mọ́ ọn lára ni, kì í ní kó jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdá mẹ́rin ni wọ́n ń pín in sí: wọ́n á yọ ìdá kan, wọ́n á fi oúnjẹ tó bá a mu rọ́pò rẹ̀, wọ́n á dúró kí ara gbà á, kí wọ́n tó yọ ìdá kejì.