Bí Ìtọ́jú Ọmọ Oníjàgídíjàgan Ṣe Di Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ àti Òbí

Láyé àtijọ́, bí ọmọ bá ń jalè, tí ó ń purọ́, tí ó sì ń lu ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọmọ náà nìkan ni oníṣègùn sábà máa ń mú wọ yàrá, tí ìyá rẹ̀ á jókòó dè é níta. Gerald Patterson, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní ìlú Eugene ní Oregon, wà lára àwọn tí ó yí èyí padà ní àwọn ọdún 1960: ó rán àwọn olùwòye lọ sí ilé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa kọ ohun tí ọmọ ṣe àti ohun tí òbí fi dá a lóhùn sílẹ̀.

Ohun tí wọ́n rí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti gbé agboolé ní Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn rí. Ìyá ní kí ọmọ lọ fọ abọ́, ọmọ fajú ro. Ìyá jágbe mọ́ ọn, ọmọ figbe ta. Nígbà tí ó sú ìyá, ó fọ abọ́ náà fúnra rẹ̀. Ọmọ ti kọ́ pé igbe ń gba òun lọ́wọ́ iṣẹ́, ìyá sì ti kọ́ pé bí òun bá ti gbà fún un, ilé á tòrò. Nítorí náà, òbí ni Patterson ń kọ́: kí wọ́n pàṣẹ ní ṣókí, kí wọ́n yin ọmọ lójú ẹsẹ̀ bí ó bá gbọ́, kí ìyà tí kò le ṣùgbọ́n tí kì í yẹ̀ sì tẹ̀ lé àìgbọràn. Ní tèmi, ìyìn ni ó ṣòro jù fún wa nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí ọ̀pọ̀ òbí gbà pé ọmọ tí a bá ń yìn yóò gbéraga.

Ẹ̀kọ́ ti ọmọ gba ọ̀nà mìíràn wá. Ní 1997, àwọn olùwádìí méjì, Carolyn Webster-Stratton àti Mary Hammond, ní Seattle ní Amẹ́ríkà, fi ẹ̀kọ́ òbí àti ẹ̀kọ́ ọmọ wéra lórí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ 97. Ọmọlangidi wà lára ohun tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ, fídíò ni wọ́n fi ń kọ́ òbí. Ẹ̀kọ́ òbí tún àárín òbí àti ọmọ ṣe, ti ọmọ sì mú kí ó mọ bí a ṣe ń bá ẹgbẹ́ yanjú aáwọ̀. Níbi tí wọ́n ti pa méjèèjì pọ̀ ni àǹfààní náà ti gbòòrò jù.

Ní Ìbàdàn, ọdún 2011 ni Yunifásítì Ìbàdàn dá ibùdó kan sílẹ̀ fún ìlera ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olayinka Omigbodun ṣe olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 2016, òun, Jibril Abdulmalik àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ràn ìjà: wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń pa ìbínú, àti kí wọ́n má ṣe máa rò pé ẹni tí ó bá kọlu àwọn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Àwọn olùkọ́ jẹ́rìí pé ìjà wọn dínkù, àmọ́ apá ti òbí kò sí nínú ẹ̀kọ́ náà.