Ǹjẹ́ Àwọn Ọjà Ńlá Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Ti Di Oníbodè Lórí Àwọn Tó Ń Tajà Nínú Wọn?

Ìbéèrè: Ká ní obìnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ń ta gàrí Ìjẹ̀bú lórí ọjà ńlá kan ní íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí ẹni tó fipá mú un débẹ̀, ó sì lè jáde nígbàkígbà tó bá wù ú. Báwo ni a ṣe wá lè sọ pé ọjà náà ní agbára lórí rẹ̀?

Ìdáhùn: Ó yẹ kí ìbéèrè yìí tètè yé ọmọ Ìjẹ̀bú ju ẹlòmíràn lọ, nítorí pé àwọn baba ńlá wa ló lo irú agbára bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kí ó tó di ọdún 1892, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ló wà láàárín ọ̀sà àti àwọn ìlú òkè bí Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ẹrù tó ń lọ sí Èkó àti èyí tó ń ti Èkó bọ̀ ló sì ń gba ọwọ́ wa kọjá. Àwọn oníbodè ń gba owó bodè, a kì í sì í fẹ́ kí ará òkè gba ọ̀nà wa lọ bá ará Èkó dúnàádúrà fúnra rẹ̀. Ọjà bí Ejìnrìn, létí ọ̀sà, ni ará Èkó àti ará Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. A kò so ẹnikẹ́ni lókùn pé dandan ni kó ta epo rẹ̀ fún wa. Ọ̀nà ni a dì mú. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí ọ̀nà náà ṣí, ogun ni wọ́n gbé wá bá wa ní Ìmàgbọ̀n, ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní sọ pé ìfẹ́ ará òkè ló gbé wọn wá.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Òun kọ́ ló ni gàrí. Ọ̀nà tí ojú oníbàárà ń gbà dé ìdí gàrí ló ni. Nínú òfin kan tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọdún 2022, orúkọ tí wọ́n fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò ní ìtumọ̀ méjì ní èdè wa ju oníbodè lọ, wọ́n sì ka Amazon, ọjà ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Amẹ́ríkà, mọ́ wọn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023.

Ìbéèrè: Ọjà wo ni kì í gba owó? Ní Òkè-Ajé pàápàá, a ń san owó ìsọ̀, a sì ń dá owó ẹgbẹ́.

Ìdáhùn: Gbígba owó kọ́ ni ẹ̀sùn. Ẹni tó kó oníbàárà jọ, tó bá wa gba owó lọ́wọ́ wọn láìsí jìbìtì, ó yẹ kó gba làdá. Lórí Amazon, làdá yìí jẹ́ 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọ̀pọ̀ irú ọjà. Bí a bá fi náírà ṣírò rẹ̀, ₦1,500 nínú ₦10,000 nìyẹn. Ohun tó ń fa àríyànjiyàn ni àwọn owó tó ń gun orí rẹ̀: owó ilé ìkẹ́rùsí, owó ìfijíṣẹ́, àti owó ìpolówó tí atajà ń san kí ọjà rẹ̀ má bàa wọ ìsàlẹ̀ ibi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní dé. Àjọ FTC, tó ń bójú tó ìdíje òwò fún ìjọba Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ìpínlẹ̀ 17, pe Amazon lẹ́jọ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n sì sọ pé àpapọ̀ owó wọ̀nyí ń sún mọ́ ìdajì gbogbo owó tó ń wọlé fún ọ̀pọ̀ atajà. Amazon sẹ́, ẹ̀sùn ni, kì í ṣe ìdájọ́.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí àwọn amòfin kì í sábà sọ. Bí owó ìsọ̀ bá gbówó lórí ní Òkè-Ajé, ìsọ̀ kejì á gbọ́, ẹgbẹ́ á tọ Ìyálọ́jà lọ, wọ́n sì lè ti ìsọ̀ wọn pa fún ọjọ́ kan bí ọ̀rọ̀ kò bá wọ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, oníkálukú ló dá jókòó ti fóònù rẹ̀. Kò mọ ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

Ìbéèrè: Níbo gan-an ni agbára náà ti wá ń di àpọ̀jù?

Ìdáhùn: Lójú tèmi, ibi tí oníbodè ti ń pàtẹ nínú ọjà kan náà ni. Ẹ fojú inú wo Ìyálọ́jà tó ń pín ìsọ̀, tó tún ń ta gàrí, tó sì ń ṣí ìwé ìṣirò gbogbo alágàrí wò lálaalẹ́ kó lè mọ èyí tó ń tà jù. Amazon ń tajà fúnra rẹ̀, àmọ́ àwọn oníṣòwò mìíràn ló ń ta ju ìdajì àwọn ọjà tó ń jáde níbẹ̀. Àjọ Yúróòpù ṣe ìwádìí lórí bí ó ṣe ń lo àkọsílẹ̀ òwò àwọn oníṣòwò yìí, ní oṣù kejìlá ọdún 2022 ni Amazon sì tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní lo àkọsílẹ̀ tí kò hàn sí gbogbo ayé láti fi bá wọn díje.

Ọ̀rọ̀ iye owó ló tún ta kókó jù. Ká ní alágàrí wa ń ta àpò kan ní ₦10,000 lórí ọjà ńlá náà, tó sì lè tà á ní ₦9,000 níbòmíràn nítorí pé kò sí làdá níbẹ̀. FTC sọ pé bí Amazon bá rí i pé iye owó kéré níbòmíràn, ó máa ń fìyà jẹ atajà náà, ó lè mú ọjà rẹ̀ kúrò níbi bọ́tìnnì tí oníbàárà ń tẹ̀ láti rà, ó sì lè rì í mọ́lẹ̀ nínú àbájáde ìwákiri. Atajà tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ á kúkú sọ ọ́ di ₦10,000 níbi gbogbo. Ẹni tí kò tilẹ̀ fẹsẹ̀ tẹ ọjà ńlá náà rí wá ń san owó bodè rẹ̀ láìmọ̀.

Ní Ṣáínà, wọ́n lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà kan, Alibaba, ilé-iṣẹ́ tó ni àwọn ọjà ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, ń fi dandan lé e pé kí oníṣòwò yan ọ̀kan nínú méjì, òun tàbí àwọn tó ń bá a díje. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ìjọba gba bílíọ̀nù 18.2 yuan lọ́wọ́ rẹ̀ ní owó ìtanràn.

Ìbéèrè: Èwo ló kan ará Ṣàgámù nínú gbogbo èyí?

Ìdáhùn: Ní ti àwọn ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ wa, díẹ̀ ni. Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012, n kò sì rí èyí tó lè dí ọ̀nà nínú wọn. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, òótọ́ sì ni lọ́dọ̀ wa: Ṣàgámù wà níbi tí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde àti Benin ti yà kúrò lára ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ẹni tí kò rí tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè gbé ẹrù rẹ̀ wọ ọkọ̀. Ibòmíràn ni bodè wa wà. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ta aṣọ òkè àti fìlà fún Ojúde Ọba, orí WhatsApp, Facebook àti Instagram ni wọ́n ti ń tà, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, Meta, ló sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú lẹ́ẹ̀kan náà fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà.

A ní òfin. Òfin ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 ka àṣìlò agbára lórí ọjà léèwọ̀. Àjọ FCCPC tó ń mú un ṣẹ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta ní oṣù keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìdíje sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ àwọn tó ń lo ìkànnì ló pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe ti atajà. Ohun tí n kò tíì rí lọ́dọ̀ wa ni irú òfin tí Yúróòpù ń lò láti oṣù keje ọdún 2020, pé ọjà tó bá fẹ́ lé atajà kúrò pátápátá gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún un, ó kéré tán ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú, àfi nínú àwọn ọ̀ràn díẹ̀ kan.

Ìbéèrè: Kí ni alágàrí wa lè ṣe ní báyìí?

Ìdáhùn: Kí ó ṣírò gbogbo owó tí ọjà ń yọ lórí àpò kan pọ̀, kì í ṣe làdá nìkan. Kí ó tọ́jú orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà tó fínnúfíndọ̀ fún un síbi tí ẹlòmíràn kò lè tì pa. Kí ó sì ka àdéhùn náà láti wò ó bóyá ó lè fi nọ́ńbà tirẹ̀ sínú àpò gàrí. Bí wọ́n bá ní kò gbọdọ̀ fi síbẹ̀, a jẹ́ pé ọjà ló ni oníbàárà yẹn, kí ó fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tó bá ń bu iye lé gàrí rẹ̀.