Ẹ Yé Fi Ọ̀rọ̀ Sí Kírúsì Lẹ́nu

Wọ́n tún ti fi ọ̀rọ̀ amọ̀ Kírúsì (Cyrus Cylinder) ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: pé òun ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àkọ́kọ́ láyé, pé Kírúsì ọba Páṣíà fi fòfin de òwò ẹrú. Irọ́ gbuu ni. Iṣẹ́ mi ni láti ka ohun tí àwọn ará Bábílónì àti Páṣíà tẹ̀ sára amọ̀, mo sì ti ka eléyìí láti ìlà dé ìlà.

Amọ̀ sísun roboto ni, gígùn rẹ̀ kò pé sẹ̀ǹtímítà 23. Àwọn òṣìṣẹ́ Hormuzd Rassam, awalẹ̀pìtàn, ló wú u jáde ní Bábílónì lọ́dún 1879. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà báyìí. Ohun tó sọ ni pé Marduk, òrìṣà ìlú náà, bínú sí ọba wọn Nabonidus, ó yan Kírúsì, ó sì mú un wọ ìlú láìsí ìjà. Kírúsì dá ère àwọn òrìṣà padà sí ojúbọ wọn, ó tún odi ìlú mọ. Amọ̀ náà kò dárúkọ Jerúsálẹ́mù. Inú ìwé Ẹ́sírà nínú Bíbélì ni ọ̀rọ̀ pé Kírúsì jẹ́ kí àwọn Júù padà síbẹ̀ wà. Ní ti ẹrú, àwọn ìwé àdéhùn orí amọ̀ wà láti ìgbà àwọn ọba Páṣíà tí wọ́n fi ń rà wọ́n tí wọ́n fi ń tà wọ́n ní Bábílónì.

Ìkọ̀wé yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń méfò. Àmì kan náà lè jẹ́ ìró lásán níbí, kó jẹ́ odindi ọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn àmì tó yí i ká ló máa sọ èyí tó jẹ́. Ọdún gbọọrọ la fi ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ẹyọ kan níbẹ̀ ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún gbogbo ayé!

Àwọn tó ń ta ayédèrú ẹrù àtijọ́ ló burú jù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2000, ọlọ́pàá Pakistan rí òkú kan tí wọ́n wé bíi ti Íjíbítì, pẹ̀lú àwo wúrà láyà tó ní ọmọ Xerxes ọba Páṣíà ni. Mílíọ̀nù 11 dọ́là ni wọ́n fẹ́ tà á. Iran ní tòun ni, Pakistan ní tòun ni. Àwọn tó lè ka ohun tí wọ́n kọ sára àwo náà wá kà á: gírámà rẹ̀ wọ́, bí àwọn Gíríìkì ṣe ń pe orúkọ ọmọbìnrin náà ni wọ́n sì kọ, kì í ṣe bí àwọn ará Páṣíà ṣe ń pè é. Àyẹ̀wò fi hàn pé nǹkan bí ọdún 1996 ni obìnrin náà kú. Ọ̀rọ̀ di ìwádìí ìpànìyàn. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fi dá ọjà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi àwòrán “wàláà Páṣíà” bi mí ní iye tó tó: ẹ sọ ibi tí wọ́n ti wú u, ọdún wo, ta ló wú u. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, mi ò ní dá owó lé e.