Ìwé ilẹ̀ yàtọ̀ sí àṣẹ ilé kíkọ́

Ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń fa X sára ògiri ni ọ̀pọ̀ ará Ìlọrin fi mọ àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìlú. Nígbà tí ọ̀dà bá fi kan ògiri, nǹkan ti bàjẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ ni iṣẹ́ wọn gan-an ti wà: ibo ni títì máa gbà, ibo ni omi òjò máa ṣàn sí, ibo la máa fi sílẹ̀ fún ilé ìwé àti ọjà.

Ẹ wo apá Tánkẹ̀, lójú ọ̀nà yunifásítì. Ọdún 1975 ni wọ́n dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí ibùdó ńlá wọn, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í hù lọ́tùn-ún lósì ọ̀nà ibẹ̀. Kò sóhun tó burú nínú kí ìlú dàgbà. Àmọ́ níbikíbi tí ilé bá ti ṣáájú ètò, ọ̀nà á fún, gọ́tà ò ní ríbi gbà, ọkọ̀ panápaná ò sì ní lè wọlé.

Ohun tó ń kó àwọn èèyàn síyọnu jù ni pé wọ́n gbà pé ẹni tó bá ti níwèé ilẹ̀ ti gbàṣẹ ilé kíkọ́. Rárá o. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìgboro sí ìkáwọ́ gómìnà. C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ látọ̀dọ̀ ìjọba, ń sọ pé ẹ̀yin lẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti lo ilẹ̀ náà. Mágàjí lè fọwọ́ síwèé, kí alángùá, ìyẹn olórí àdúgbò, jẹ́rìí, kí awọnlẹ̀ ri òpó ààlà mọ́lẹ̀, síbẹ̀ ẹ ṣì gbọ́dọ̀ gbé àwòrán ilé lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú. Wọn á wá wo ilẹ̀ náà: ṣé kò bọ́ sójú ọ̀nà tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀? Ṣé wáyà iná ńlá ò kọjá lórí rẹ̀? Ibo ni ọkọ̀ máa dúró sí, báwo sì ni ṣaláńgá ṣe jìnnà sí kànga tó?

Ti etí odò ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù. Odò Asà la Ìlọrin já, àwọn odò kéékèèké bí Àgbà sì ń ṣàn wọnú rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ etí odò a máa gbẹ, owó rẹ̀ a sì fani mọ́ra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó láìbi àwọn àgbà àdúgbò pé ibo ni omi ń dé lóṣù kẹsàn-án. Àyè tí wọ́n ní kí ẹ fi sílẹ̀ fún odò, odò ló ni ín.

Bákan náà, àṣẹ ilé gbígbé kò kan ilé ìwé tàbí gbọ̀ngàn àríyá. Ẹni tó bá fẹ́ yí ìlò ilé rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ gbàṣẹ tuntun.

Mi ò dá ará ìlú nìkan lẹ́bi. Àwòrán ètò ìlú tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì kò lè tọ́ ẹni tó ń ralẹ̀ ní Gánmọ tàbí Òkè-Òyì sọ́nà. Ara ògiri ibi tí wọ́n ti ń talẹ̀ ló yẹ kó wà, kí gbogbo èèyàn rí i. Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí tẹ́ ẹ fẹ́ ta oko bàbá yín náà, ẹ pe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kó kọ́kọ́ pín in sí púlọ́ọ̀tì pẹ̀lú títì àti gọ́tà, kí ọ́fíìsì sì fọwọ́ sí i, kí ẹ tó ta ẹyọ kan. Púlọ́ọ̀tì bíi mélòó kan á bá ọ̀nà lọ, àmọ́ èyí tó kù á níye lórí sí i, torí mọ́tò á lè dé ẹnu ọ̀nà olúkúlùkù.