Ẹyọ inú ìwé àwọn ará Jàpáànù

Lọ́dún àkọ́kọ́ tí ọmọ bá wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Jàpáànù, 80 kanji, ìyẹn àwọn àmì ìkọ̀wé tí wọ́n gbà láti Ṣáínà, ni ìjọba ní kó mọ̀. Ajá wà níbẹ̀, kòkòrò wà níbẹ̀, òjò, igi àti odò náà ò gbẹ́yìn. Àárín wọn ni 貝 wà. Kai ni wọ́n ń pè é: ẹran omi tó ń gbé inú ìkarahun, irú èyí tí ìyá ọmọ náà ń sè sínú ọbẹ̀ míso. Kò ṣòro kọ. Ẹ ya àmì ojú, 目, kí ẹ wá so ẹsẹ̀ méjì mọ́ ọn nísàlẹ̀. Ìlà méje péré, ó parí.

Lọ́dún kejì, olùkọ́ á kọ 買 sójú pátákó. Kau, ìyẹn ni pé kéèyàn ra nǹkan. Àwọ̀n ló wà lókè, kai wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó bá ní làákàyè á béèrè ohun tí ẹran inú ìkarahun ń wá nínú ọjà rírà. Ọmọ Yorùbá ò ní béèrè, nítorí ó ti gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà pé owó ẹyọ ni wọ́n ń ná láyé àtijọ́.

Ẹyọ ni 貝.

Ìlú Anyang ní Henan, ní ilẹ̀ Ṣáínà, làwọn ọba Shang ti jókòó ní nǹkan bí ọdún 1250 ṣáájú ìbí Jésù. Àwọn ọba wọ̀nyí kì í dáwọ́ lé nǹkan láìṣàyẹ̀wò. Eegun èjìká màlúù àti igbá àyà ahun ni wọ́n fi ń dáfá tiwọn. Wọ́n á fi iná sí i lára títí á fi sán, awo á ka ibi tó sán sí, wọ́n á sì fín ohun tí wọ́n bi Ifá sára eegun náà. Nínú ìfín yẹn la ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kanji àkọ́kọ́. Ó pẹ́ táwọn èèyàn ti ń hú eegun yìí tà fáwọn oníṣègùn, wọ́n ń lọ̀ ọ́ mu bí àgúnmu, kó tó di 1899 tí ọ̀mọ̀wé kan, Wang Yirong, kíyè sí i pé ìwé ló wà lára ohun tí wọ́n ń lọ̀. Mélòó ni wọ́n ti mu kó tó rí i, Ọlọ́run ló mọ̀.

Lára eegun wọ̀nyẹn, 貝 ò tíì lẹ́sẹ̀. Ẹyọ tí wọ́n dojú rẹ̀ sókè ni wọ́n yà, apá ọ̀tún, apá òsì, àti ìlà kéékèèké láàárín. Anyang jìnnà sí òkun, inú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sì ni ẹyọ ti ń wá, ìdí nìyẹn tó fi wọ́n. Nígbà tí wọ́n hú ibojì Fu Hao ní 1976, obìnrin tó jẹ́ aya ọba Wu Ding tó sì tún jẹ́ balógun, ẹyọ tí wọ́n bá lọ́dọ̀ rẹ̀ lé ní 6,000. Ọba tó bá fẹ́ dá ẹmẹ̀wà rẹ̀ lọ́lá, ẹyọ tí wọ́n sín sókùn ló ń fún un. Okùn ẹyọ yẹn ní àmì tirẹ̀: 朋. Wọ́n rí àwo ọtí idẹ kan ní Baoji ní 1963, He zun lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó ni ín fín in síbẹ̀ pé ọba fún òun ní ọgbọ̀n okùn ẹyọ. Lónìí 朋 ti di ọ̀rẹ́, kò sẹ́ni tó tún ń rántí okùn.

Àwọn onímọ̀ ṣì ń fa ọ̀rọ̀ náà: ṣé owó tí wọ́n ń ná lọ́jà ni, àbí ẹ̀bùn ọlá lásán? Lójú tèmi, ohun tí ọba bá ń fi tọrẹ, tí wọ́n sì ń kà á ní okùn-okùn, ó ti wà lójú ọ̀nà ọjà. Xu Shen, ẹni tó parí ìwé atúmọ̀ àwọn àmì yìí ní ọdún 100 lẹ́yìn ìbí Jésù, kò tilẹ̀ ṣiyèméjì. Ó ní ẹyọ ni wọ́n ń ná nígbà láéláé, àti pé ìgbà ìjọba Qin ni wọ́n pa á tì fún owó onírin. Ṣùgbọ́n kí Qin tó dé, àwọn akọ̀wé ti fi ẹyọ kọ nǹkan púpọ̀. Owó lè kúrò lọ́jà, kò sẹ́ni tó lè dá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kọ padà.

Báyìí ni kanji ṣe sọdá òkun lọ sí Jàpáànù. Èdìdì wúrà tí ọba Han ní Ṣáínà fi ránṣẹ́ sí ọba kékeré kan níbẹ̀ ní ọdún 57 wà lára èyí tó pẹ́ jù tí a mọ̀. 1784 ni wọ́n hú u jáde ní Shikanoshima. Ẹyọ ò di owó ní Jàpáànù. Ìrẹsì àti aṣọ ni wọ́n fi ń ra nǹkan, kí ìjọba tó rọ owó tí wọ́n ń pè ní Wadō kaichin ní 708. Ohun tí wọ́n mọ ẹyọ sí ni oògùn ìrọbí. Obìnrin tó bá ń rọbí a máa dì í mú lọ́wọ́, ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní koyasugai, ìkarahun tó ń mú ọmọ bí wẹ́rẹ́. Èyí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín: owó tí àwọn baba wọn ò ná rí ló kún inú ìwé wọn títí dòní.

Ó sì kún ún lóòótọ́. Owó ilé, 家賃, ẹyọ wà níbẹ̀. Owó ọkọ̀, 運賃, ó wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ta omi lójú pópó láìsí ọlọ́jà, 自動販売機, ẹ wo àmì kẹta. Owó tí èèyàn ń fi pamọ́ ni 貯金. Ilé tí wọ́n ti ń gba nǹkan dógò ni 質屋. Owó orí tí wọ́n ń bù lé ọjà, 消費税, tó di ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọ̀pọ̀ ọjà ní 2019, kò yọ ẹyọ sílẹ̀. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀, 賄賂, ẹyọ méjì ló ní, ọ̀kan nínú àmì kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ọ̀kan ò tó. Òṣì ni 貧: ẹ pín ẹyọ, 分, títí kò fi ku nǹkan.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni 負, èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ẹyọ. Makeru ni wọ́n ń kà á. Ẹni tó pàdánù nínú ìdíje, makeru. Ọlọ́jà tó gbà kí wọ́n dín owó ọjà òun, òun náà makeru. Oníbàárà á ní “makete kudasai”, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín in. Tí ọlọ́jà bá wá fi díẹ̀ lé e lọ́fẹ̀ẹ́, omake nìyẹn, láti inú ọ̀rọ̀ kan náà. Ènì ni.

Bí ẹyọ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn àmì yìí kò ṣàjèjì sí wa. Nínú 販, ẹyọ tó wà lápá òsì ń sọ pé ọ̀rọ̀ owó nìyí. 反 tó wà lápá ọ̀tún kò sọ nǹkan kan ju ìró lọ: han. 貨 ń dún ka nítorí pé 化 ń dún ka. Àwọn baba wa náà fi ẹyọ kọ̀wé lọ́nà tó jọ èyí. Nínú àrokò, ẹni tó bá so ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́, ẹ̀fà ló kà, ṣùgbọ́n fífà ló ń sọ: ọkàn mi fà sí ọ. Tí èsì bá padà wá ní ẹyọ mẹ́jọ, ẹ̀jọ, ọ̀rọ̀ wọn ti jọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn akọ̀wé Shang ya àwòrán ẹyọ, àwa ń fi ẹyọ gan-an ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó lójú ẹyọ ni ẹyọ. 員, àmì òṣìṣẹ́, tó wà nínú 店員, ẹni tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù, ìkòkò idẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, 鼎, ló wà nínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ àwọn akọ̀wé ló ń yára títí ìkòkò fi di ẹyọ. Ẹ rántí èyí tí ẹ bá dé orí yen, owó ilẹ̀ Jàpáànù. Nígbà tí ìjọba Meiji dá owó náà sílẹ̀ ní 1871, 圓 ni wọ́n ń kọ, 員 wà láàárín rẹ̀. Èèyàn á ní ẹyọ rèé láàárín owó gan-an, ìkòkò ni. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí ìjọba ń dín àwọn kanji kù láti 1946 sí 1949, wọ́n sọ ọ́ di 円, àti ìkòkò àti ẹyọ, gbogbo rẹ̀ bá a lọ. Ìṣúra, 寶, pàdánù ẹyọ tirẹ̀, ó di 宝. Títà, 賣, di 売. Wọn ò fọwọ́ kan rírà. Láti ìgbà náà, ẹni tó ń ra ọjà ní Jàpáànù ní ẹyọ lọ́wọ́, ẹni tó ń tà á kò ní.

Níwájú ojúbọ kọ̀ọ̀kan, àpótí onígi kan wà tí àwọn èèyàn ń sọ owó sí kí wọ́n tó pàtẹ́wọ́ gbàdúrà. Saisen ni owó náà, 賽銭, ẹyọ wà lábẹ́ àmì àkọ́kọ́. Owó idẹ márùn-ún yen ni ọ̀pọ̀ ń jù, kì í ṣe torí pé ó kéré. Go en ni márùn-ún yen ń jẹ́, go-en náà sì ni okùn tó so èèyàn pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn. Láti 1949 ni wọ́n ti lu ihò sí àárín owó náà. Ó ṣeé sín sókùn bí ẹyọ.